Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ìdí tí Ọlọ́run Fi Di Ènìyàn

                                                            Ṣọ́ọ̀bù Oníbàtà,
                                                            Ilé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2019.

Oníbéèrè, ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ń le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ojú iṣẹ́ abẹ náà ti jinná pátápátá, àbí o tún ti jẹ́ kó máa gbé garawa omi? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò jiyàn ní àràárọ̀? Kí Ọlọ́run dá wọn sí fún wa, nítorí bí kò bá sí wọn, ta ni yóò tún máa bá ìjọba wí? Àwa náà wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́. Ìyàwó mi kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí o jẹ ìkòkò ìrẹsì kan tán nílé wa, tí o wá ní o kàn tọ́ ọ wò ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Oṣù Kọkànlá ni lẹ́tà rẹ dé, ó sì ti di oṣù Kejì kí n tó mú bíírò. Má rò pé mo gbàgbé rẹ o. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé. O ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti di ọmọ ìjọ gidi, kí n jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún ọ: Ọlọ́run tó kàn sọ̀rọ̀ tí ayé fi wà, ṣé kò lè jókòó sí ọ̀run Rẹ̀ kó ní òun ti dárí jì wá, kí ọ̀rọ̀ tán ni? Kí ló gbé E dé inú oyún? Kí ló fẹ́ fi ara ṣe, ara tí ń làágùn, tó ń rẹ̀, tó sì ń kú? Mo ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ká lẹ́tà, mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránbàtà. Láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ṣẹ́ lo ti ń bèèrè ohun tí àgbà kò lè dáhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Oníbéèrè, ìdí náà nìyẹn tí ọ̀gá wa fi máa ń rán ọ lọ pọn omi nígbà tí òùngbẹ ò gbẹ ẹnikẹ́ni.

Ó dáa, mo ti rí ìdáhùn báyìí, ìdí iṣẹ́ bàtà ni mo sì ti rí i. Fara balẹ̀ kí o jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé tó kọjá yìí! Ọmọ kékeré tó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì wa tó ń kó ìṣó sẹ́nu, ó ti di nọ́ọ̀sì, ó sì ti di ìyàwó ilé. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú irin, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í là àfi bí oúnjẹ bá dé. Inú mi dùn débi pé títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀rín ṣì ń pa mí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ìgbéyàwó náà má wáyé, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló sì fẹ́ dá a dúró.

O kò tíì rí ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. O mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n ń lọ̀ ní ilé-ìfọṣọ. Wọ́n gbé ìdì aṣọ ibùsùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ìdì náà bò wọ́n lójú, wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọ́n sì yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Egungun itan ọ̀tún ló ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, àmọ́ nígbà tó máa jinná tán, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fi íǹṣì kan ààbọ̀ kúrú ju òsì lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi tí gbogbo ìjọ máa ń gbọ́ ohùn wọn kí wọ́n tó rí ojú wọn, wọ́n kọ́kọ́ sá lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, wọ́n ń pẹ́ dé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé. Nígbà tó tún yá, wọn ò wá mọ́. Bí Àlùfáà bá lọ kí wọn, tíì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fún wọn mu títí Àlùfáà ó fi dìde lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan mo fi agídí bi wọ́n léèrè ohun tó dé. Wọn ò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lọ̀.

"Ọlọ́run ò lẹ́sẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ẹsẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, wo bí ó ṣe rí. Ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí.

Wàyí o, nínú ìjọ wa, òbí ni í mú ìyàwó wọlé láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú. Bàbá ọmọ yìí ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ọjọ́ ń súnmọ́, wọ́n ní èmi ni kí n mú un wọlé. Àwọn á tètè dé, àwọn á ti jókòó síwájú kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí dé, kò sí ẹni tó máa rí bí àwọn ṣe ń rìn. Ọmọ fárí gá. Ó ní ẹni tó pọn òun ni yóò mú òun wọlé. Ó ní bí Màámi ò bá mú òun wọlé, kí wọ́n dá aṣọ ìgbéyàwó padà fún aránṣọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìyá kọ̀, ọmọ kọ̀. Ẹni bíni là á jọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ọkọ ìyàwó sì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́ láti wá jókòó kó máa mí kanlẹ̀.

Èmi ni mo wá fọwọ́ sọ̀yà. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, mo máa ṣe bàtà tí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi dọ́gba. O mọ̀ mí, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan bàtà, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ara ẹni sílẹ̀.

Bàtà mẹ́ta ni mo ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já kulẹ̀. Fún àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n jókòó, mo ya ẹsẹ̀ wọn sórí pépà, mo wá gbé gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún ga ní íǹṣì kan ààbọ̀ géérégé bí dókítà ṣe kọ ọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yí padà, wọ́n ní ó ń tì wọ́n síwájú. Nínú ìkejì, mo gbé gbogbo àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ga láti ẹ̀yìn dé iwájú, wọ́n ní ó wúwo ju áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ lọ. Mo tún ẹsẹ̀ wọ̀n, mo ra awọ tó dára jù, mo ṣe ìkẹta. Ó ń dán, o lè fi ṣe dígí. Wọ́n wọ ìyẹn lọ síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wọ́n dá a padà fún mi nínú ọ̀rá.

"O gbìyànjú, àbúrò mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ìtìjú mú mi, mo wá sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wọ̀n ọ́n dáadáa o. Kò lè jẹ́ bàtà ló lẹ́bi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ọ̀fun. "Ẹsẹ̀ mi ló wá lẹ́bi? Ìwọ àti Ọlọ́run rẹ, ọ̀kan náà ni yín jàre. Òkè lẹ ti ń wo ẹsẹ̀ mi. Ìwọ ń wọ̀n ọ́n, Òun ń wò ó, èmi ni mò ń rìn ín. Má ṣe òmíràn mọ́. Màá jókòó síbi tí mo wí."

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí ìgbéyàwó nígbà náà. Mo fi ọ̀rá náà sórí tábìlì, n kò lè wò ó.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, a wà ní kíláàsì Bíbélì. Ẹ̀kọ́ lórí ìbí Jésù tí a bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejìlá kò tíì tán, nítorí àwa àgbà ìjọ fẹ́ràn iyàn. Àlùfáà bi wá pé, nígbà tí a ní Ọlọ́run di ènìyàn, kí la ní lọ́kàn? Káfíńtà ló kọ́kọ́ nawọ́. Káfíńtà yìí gbàgbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà ni Jésù títí di òní, kì í sì í jẹ́ kí àwa tó kù sinmi. Ó ní ó dà bí ìgbà tí máníjà bá wọ aṣọ lébìrà kó lè mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Àlùfáà mirí. Wọ́n ní ẹni tó wọ aṣọ lébìrà lè bọ́ ọ nígbà tí oòrùn bá mú. Wọ́n ní Jésù ò wọ ara bí ẹní wọṣọ, ènìyàn ló dà ní tòótọ́, síbẹ̀ kò dẹ́kun láti jẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n gbé E nínú oyún, Ó mu ọmú, eyín hù lẹ́nu Rẹ̀. Àlùfáà wá ní, "Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ẹni tó dá ẹsẹ̀ wa fúnra Rẹ̀ kọ́ ìrìn. Ó gbẹ́sẹ̀, Ó ṣubú, ìyá Rẹ̀ gbé E dìde."

Mo sọ fún ọ, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí ìgbà tí òlu tí a fi ń lu awọ bá yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ò tíì parí tí mo ti ń wo ẹsẹ̀ ara mi lábẹ́ àga. Nígbà tí a jáde, mo fa Káfíńtà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kó bá mi gé igi kan tó ga ní íǹṣì kan ààbọ̀, kó gé e bí àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ so ó mọ́ ẹsẹ̀ òsì, kí ọ̀tún lè kúrú."

Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe, ṣùgbọ́n ó gé e. Nígbà tó gbé e fún mi, ó ní òun ti ń retí pé bàtà á yí mi lórí lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi so igi náà mọ́ ẹsẹ̀, láti òwúrọ̀ tí mo bá jí títí mo fi máa lọ sùn. Ọjọ́ kìn-ín-ní dùn, mò ń tiro ká ṣọ́ọ̀bù, mò ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ti tán. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lè kan ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo wá mọ̀ pé àtẹ̀gùn méjìlá ló wà níwájú ilé-ìfìwéránṣẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń gùn ún, n kò kà á rí. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi fi mí ṣe eré. "Ọ̀gá bàtà, ṣé bàtà ti wá gbẹ̀san ni?" Àwọn oníbàárà rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, orí wọn á sì mì, kò sì mọ̀ pé òun ló ń ba irun gígẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ṣe irú bàtà kẹta yẹn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tèmi, mo wọ̀ ọ́ jáde. Iwájú rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀, nítorí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn, kò sì ṣeé ká. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ ṣubú. Mo dúró lójú títì, mo bú ẹni tó ṣe irú bàtà bẹ́ẹ̀, kí n tó rántí pé èmi ni.

Ohun kan wà tó dùn mí ju ẹ̀yìn lọ. Obìnrin tó ń ta oògùn ní kí n bọ́ síwájú ìlà. Ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé ohùn sókè, bí ẹni pé ẹsẹ̀ tó kúrú ti di mí létí. Inúure ni, mo mọ̀. Síbẹ̀ ó wọ̀ mí léegun. Mo ronú pé ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gba irú inúure yìí lójoojúmọ́, n kò sì mọ̀. Ìyàwó mi, tó ti búra pé bí mo bá ṣubú òun ò ní gbé mi, rí ojú mi nígbà tí mo délé. Ó lọ gé aṣọ rírọ̀ wá, ó fi dí àárín igi àti ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi dé, tìbínú-tìbínú. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn ní ilé-ìfọṣọ pé àbúrò wọn ń tiro kiri àdúgbò, gbogbo ayé sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

"O káre! Èmi lo wá ń sín jẹ ní gbangba! Ìyá kan náà ló bí wa o!"

Mo fò dìde kí n lè ṣàlàyé. Mo gbàgbé pé igi wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo yọ̀, mo sì ṣubú lu òkìtì awọ, igi já, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fẹ́ bínú, wọ́n wá rí ìbọ̀sẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gba ara rẹ̀ jáde níbi tí okùn ti ń ha mí. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà bí wọ́n ṣe máa ń bọ́ ọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n wo ojú egbò.

"Ọjọ́ mélòó rèé?"

"Ìkẹsàn-án."

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Ẹ ní mò ń wọ̀n ọ́n ni, ẹ̀yin lẹ ń rìn ín. Èmi náà fẹ́ rìn ín."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. "Ìbàdí ńkọ́? Ṣé ó ti dé ìbàdí?"

"Ó ti dé apá òsì."

"Ó máa tó bọ́ sí èjìká. Báwo lo ṣe ń gun àtẹ̀gùn? Hẹ́n-ẹn! Mo mọ̀. Tó o bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó gùn ni kó ṣáájú. Tó o bá ń sọ̀, kí èyí tó kúrú ṣáájú. Ta ló kọ́ ẹ ní ìrìnkurìn?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù èmi tìkára mi. Wọ́n sọ ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́fà, nítorí wọ́n ní "pẹ̀lẹ́" ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ, "pẹ̀lẹ́" kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Wọ́n sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí láàárọ̀, bó ṣe ń rí nígbà òtútù. Wọ́n ní bó bá di ọ̀sán níbi iṣẹ́, àwọn máa ń bọ́ bàtà, àwọn á ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kan sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ nìkan sì ni ara ti ń tu àwọn. Mo ní báwo ni bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ṣe ga tó. Wọ́n fi àlàfo àárín ìka méjì hàn mí. Kò tó íǹṣì kan! Ọ̀rẹ́ mi, mo kígbe. Ìwọ̀n dókítà pé, àmọ́ ara ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ bó ṣe fẹ́ dúró, kò sì sí téèpù tó lè bi ara léèrè. A jọ rẹ́rìn-ín títí onígbàjámọ̀ fi wá yọjú wò wá.

Mo ṣe bàtà kẹrin. Mo jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju íǹṣì kan lọ, mo fi igi fífúyẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò ṣe àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, mo sì gé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè yí lọ láìgbá ilẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ irú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí n tó tú igi kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ tiwọn, wọ́n rìn dé ìdí ògiri, wọ́n rìn padà, wọ́n tún rìn lọ. Wọ́n ṣì ń tiro díẹ̀ o, n kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n wọn ò di ògiri mú, wọn ò sì fún eyín pọ̀. Wọ́n jókòó, wọn ò bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ Jésù tẹ́ ẹ máa ń sọ yẹn. Ṣé bí èyí ló ṣe rí?"

Mo ní ó fara jọ ọ́, àmọ́ tèmi kéré. Èmi so igi mọ́ ẹsẹ̀ nítorí n kò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ ní tiRẹ̀, Òun ló ṣe egungun. Àmọ́ bí ènìyàn bá já sí kànga, ẹni tó mọ̀ pé kànga jìn, tó dúró lókè tó ń kígbe, kò tíì yọ ọ́. Ikú ló mú wa. Ọlọ́run tí kò di ènìyàn, kò lè kú. Ènìyàn tí kì í ṣe Ọlọ́run, kò lè borí ikú. Ó wá di ọ̀kan nínú wa, Ó wọ inú rẹ̀ lọ bá wa, ikú ò sì lè dá A dúró níbẹ̀. Ẹnu ya èmi fúnra mi sí ohun tí mò ń sọ. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ ní ìjọ, n kò mọ̀ pé ó ti ń wọ̀ mí létí.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ mi. "Ìwọ tú igi rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ ti padà sí bó ṣe wà. Òun ńkọ́? Nígbà tó padà sọ́run, ṣé kò bọ́ ọ sílẹ̀?"

Oníbéèrè, bí ẹ̀yin méjèèjì bá pàdé, ẹ máa pa Àlùfáà. Mo ní kí wọ́n má lọ o, mo sáré jáde ti èmi ti gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, mo lọ bá Àlùfáà nílé níbi tí wọ́n ti ń lẹ taya kẹ̀kẹ́ wọn. Mo bi wọ́n. Wọ́n gbé taya sílẹ̀. Wọ́n ní kò bọ́ ọ. Ara ló fi jíǹde, ara ló fi gòkè lọ, Ó ṣì jẹ́ ènìyàn títí di ìsinsìnyí, àpá ìṣó sì wà lọ́wọ́ Rẹ̀ àti lẹ́sẹ̀ Rẹ̀. Mo sáré padà, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Àpá wà lẹ́sẹ̀ Rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Lọ́run níbẹ̀ yẹn?"

"Lọ́run níbẹ̀ yẹn."

Wọ́n fọwọ́ ra itan wọn, níbi tí egungun ti ṣẹ́. Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n gbé báàgì wọn kọ́ èjìká. "Sọ fún ọmọ yẹn kó má dá aṣọ kankan padà fún aránṣọ."

Èsì ìbéèrè rẹ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n mọ. Ọlọ́run lè dárí jì wá láti òkè, ta ni èmi tí n ó sọ pé kò lè ṣe é? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹni kì í fẹ́ jókòó sókè. Mo sì ti wá mọ̀ pé ara tí à ń gbé kiri yìí, èyí tó ń dùn wá tó sì ń dójú tì wá, kò kó Ọlọ́run nírìíra, torí Òun náà ní in. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wá bá mi jà, màá fún ọ ní tíì.

Jẹ́ kí n wá sọ ti Sátidé. Ilé ìjọsìn kún. Ọkọ ìyàwó dúró síwájú, ó ń làágùn bí ẹni tó ń wa èédú. A ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi sì wọlé, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ ọmọ. Wọn ò yára. Ẹni tó ń tẹ dùùrù tẹ orin náà tán kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọ rí i pé wọ́n ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ilẹ̀, wọ́n ń wo ojú àwọn ènìyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ sì ń sunkún ayọ̀ débi pé àwọn ìyá ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi náà, má wulẹ̀ bi mí. Áńkáṣíìfù ìyàwó mi ni mo lò tán.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú, Àlùfáà bèèrè bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè, "Ta ló mú ọmọbìnrin yìí wá?" Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni àwọn òbí fi máa ń dáhùn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ohùn sókè tí àwọn tó wà lóde fi gbọ́: "Èmi ìyá rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi mú un wá!"

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá wa àgbà fún mi dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ.

Èmi náà ni, tìrẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn,

Ọ̀gá Bàtà